Ẹ̀kọ́ Data Processing ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe: Ìtàn Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Tó Ń Mú Wá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Data Processing ṣe dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe (Pólì) wa yóò rìn jìnnà kó tó rí nǹkan dì mú. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, díẹ̀ wà nínú òfin ìjọba, díẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn Pólì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, púpọ̀ sì wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, èkejì lè ta kò ó. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí, tí mo sì sọ èyí tí mo gbà àti èyí tí n kò gbà. Ohun kan ló hàn kedere nínú gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ ń pààrọ̀, orúkọ ẹ̀kọ́ náà ń pààrọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà. Iṣẹ́ náà ni pé kí àkọsílẹ̀ wọlé láìlábùkù, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí èsì tó jáde. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọ́ ọmọ ní èyí, ó ti fún un ní iṣẹ́ tó lè bá a kalẹ́. Èyí tó bá kọ́ ọ ní orúkọ ẹ̀rọ nìkan, ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kógbá wọlé ni ìwé ẹ̀rí náà ń ṣá.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

Amẹ́ríkà ka àwọn èèyàn rẹ̀ ní 1880, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó rí ìṣirò rẹ̀ parí. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe lo ẹ̀rọ Herman Hollerith fún ìkànìyàn 1890, ẹ̀rọ tó ń ka ihò tí wọ́n lu sára káàdì. Hollerith dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1896. Ilé iṣẹ́ náà pa pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 1911, ó sì di IBM ní 1924. Ní Britain, àwọn méjì tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ parapọ̀ di ICT ní 1959, èyí tó tún wọ inú ICL ní 1968. Lyons, ilé iṣẹ́ tó ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó ní London, ti ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀, LEO, ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì láti 1951.

Káàdì oníhò àti àwọn tó ń lù ú

Ó yẹ kí a dúró síbí díẹ̀, nítorí àwọn òǹkọ̀wé òde òní máa ń fo ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo àṣà iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Káàdì tí IBM mú jáde ní 1928 ní òpó 80. Ẹyọ lẹ́tà tàbí ẹyọ nọ́ńbà kan ló ń gba òpó kan: ihò kan fún nọ́ńbà, ihò méjì fún lẹ́tà. Gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ nípa òṣìṣẹ́ kan lóṣù yẹn, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀, owó rẹ̀, inú òpó 80 ni wọ́n á gbìyànjú láti há a sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ jókòó pín òpó: mélòó ni ti orúkọ, mélòó ni ti owó. Bí wọ́n bá fún orúkọ ní òpó 10, Olúwadámilọ́lá á di OLUWADAMIL. Ti àmì ohùn kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá lu káàdì tán, kì í lọ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn pẹ̀lú ìwé tí wọ́n wò lù ú. Onítọ̀hún á tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò. Ẹ̀rọ yìí kì í luhò. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ló ń fi wé ihò tó ti wà níbẹ̀. Lórí IBM 056, bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ̀rọ á gé ojú kékeré kan sí etí ọ̀tún káàdì. Bí òpó kan kò bá bára mu, orí òpó náà gan-an ni yóò gé e sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí àṣìṣe wà. Káàdì bẹ́ẹ̀ á padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lù ú, wọ́n á lu òmíràn. Ìlànà ibẹ̀ ni pé ẹni tó lu káàdì kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kí ìdì ìwé tó kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé, á ti fọwọ́ ṣírò àpapọ̀ owó tó wà nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ka káàdì tán, àpapọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti akọ̀wé mu kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ro nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ bí ẹni ń ro owó. Àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò túmọ̀ sí nǹkan kan lójú ayé, àmọ́ bí káàdì kan bá sọ nù tàbí tí ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, òun ni yóò tú u fó. Wọ́n tún ń ṣọ́ra kí ìdì káàdì má já bọ́. Wọ́n máa ń fa ìlà tó dagun sórí ìdì náà láti igun kan dé èkejì, kí ojú lè rí káàdì tó bá kúrò nípò rẹ̀. Nínú FORTRAN, òpó 73 sí 80 ni àwọn tó ń kọ ètò fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà ìtòtẹ̀lé.

Ní Amẹ́ríkà àti Britain, obìnrin ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń lu káàdì. Owó wọn kéré, ọ̀nà ìgbéga wọn sì há. Àwọn kan kọ ọ́ pé iṣẹ́ táípíìsì lásán ni wọ́n ń ṣe, pé ìtàn kọ̀ǹpútà gan-an bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò. N kò gbà. Táípíìsì tó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ẹni tó ń ka ìwé náà á ṣì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ṣi ihò kan lù lórí káàdì owó oṣù, àpò ẹlòmíràn ló lù. Ìyẹ̀wò tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ṣe lójoojúmọ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò dátà tí a ń kà nínú ìwé lónìí dúró lé.

Bí ó ṣe di ẹ̀kọ́ ilé ìwé

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ta ẹ̀rọ ló ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì wúlò fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Nǹkan méjì ló yí i padà. Àkọ́kọ́ ni COBOL, èdè ètò tó jáde ní 1960, tí kọ̀ǹpútà láti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi lè gbọ́. Ìmọ̀ kan wá lè wúlò níbi gbogbo. Èkejì ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1962, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò tó ń lo ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà pa orúkọ dà sí Data Processing Management Association, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìwé ẹ̀rí tiwọn. Ní Britain, wọ́n dá National Computing Centre sílẹ̀ sí Manchester ní 1966, Institute of Data Processing Management sì dé ní 1978. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ Britain wọ̀nyí láìkúrò nílé.

Báyìí ni pínpín náà ṣe wáyé: yunifásítì mú orúkọ Computer Science, wọ́n gbájú mọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti bí ẹ̀rọ ṣe ń ronú. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mú Data Processing, wọ́n gbájú mọ́ owó oṣù, ọjà inú ilé ìkẹ́rù, ìwé owó iná àti èsì ìdánwò.

Àríyànjiyàn lórí ọdún 1963

Ta ló kọ́kọ́ mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà? Ìdáhùn méjì ló wà. Àwọn kan ní ìkànìyàn ló mú un wá. Ìjọba fagi lé ìkànìyàn 1962, wọ́n tún òmíràn ṣe ní 1963, èyí tó sọ pé a lé ní mílíọ̀nù 55, wọ́n sì nílò ẹ̀rọ tó lè ṣírò rẹ̀. Àwọn yòókù ní ibùdó ẹ̀kọ́ tí IBM dá sílẹ̀ sí Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1963 kan náà, African Education Centre, ni ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ìbéèrè méjì ni wọ́n dà pọ̀. Bí a bá ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń sọ ti ìkànìyàn ló jàre. Bí a bá ń béèrè ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ni, kò sí ibòmíràn. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà ti jókòó sí kíláàsì, tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò àti bí wọ́n ṣe ń tú iṣẹ́ ọ́fíìsì palẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè bá wọn ṣe é. Nítorí pé ìtàn ẹ̀kọ́ ni a ń kọ, Ìbàdàn ni mo mú.

Ti pé Pólì wo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kí kálukú máa yin tirẹ̀.

Àwọn ọdún 1970: ìpìlẹ̀ Pólì

Ilé ẹ̀kọ́ Yábàá ti wà láti 1947, ó sì di Yaba College of Technology ní 1963. Technical College tó wà n'Ìbàdàn di The Polytechnic, Ibadan ní 1970. Ní 1977 ìjọba dá NBTE sílẹ̀ láti máa bójú tó ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn Pólì àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, Pólì ìpínlẹ̀ Ògùn àti Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ílàròó sì dé ní 1979. Ètò tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ọdún 2 fún ND, ọdún kan níbi iṣẹ́, ọdún 2 mìíràn fún HND.

Ọdún iṣẹ́ àárín yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ. Àjọ ITF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 ló bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, ní 1973, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé ọmọ tó jáde kò tíì fojú rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ ọ nípa rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Data Processing, ibi tó bá ti lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́ yìí (IT) ló máa ń kọ́kọ́ rí fáìlì tó ní àṣìṣe gidi nínú: orúkọ kan tí wọ́n kọ lọ́nà mẹ́ta, òṣìṣẹ́ tó ti kú tó ṣì ń gba owó, ọjọ́ ìbí tó fi hàn pé bàbá kéré sí ọmọ. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í wà nínú ìwé ẹ̀kọ́.

Ìgbà yẹn náà ni òfin tó fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ àjèjì jáde, ti 1972 àti ti 1977. IBM kò gbà. Wọ́n kó kúrò nílẹ̀ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àwọn kan sọ pé èyí pa ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ní ti ẹ̀rọ àti ohun èlò rẹ̀. Ní ti èèyàn, àǹfààní ló jẹ́, nítorí ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ni àtúnṣe àti ìkọ́ni bọ́ sí. Ní 1978 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà Nàìjíríà, COAN, sílẹ̀, èyí tó di Nigeria Computer Society nígbà tó yá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Longe ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ náà ká.

JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, náà dé ní 1978. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ́ńsùlù ni àwọn ọmọ fi ń kun ojú ìdáhùn wọn kí ẹ̀rọ lè kà á, títí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tó sì di dandan fún gbogbo ènìyàn ní 2015. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ dátà kan ará ilé rẹ̀, kó rántí ọmọ tí wọ́n di èsì rẹ̀ mú nítorí pé ó ṣi nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ kùn.

Orúkọ méjì, ẹ̀kọ́ kan?

Ọ̀pọ̀ Pólì kọ Computer Science sára ìwé ẹ̀rí ND àti HND wọn, àwọn kan sì sọ pé Data Processing ti kú nìyẹn. Kí a wo ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀: COBOL fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtò fáìlì àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ìtúpalẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Data Processing ni ìwọ̀nyí láti orí dé ẹsẹ̀. Orúkọ ni wọ́n pààrọ̀, bóyá nítorí pé ti yunifásítì dùn létí àwọn agbanisíṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ọba, orúkọ àtijọ́ ṣì wà: Data Processing Assistant àti Data Processing Officer kò kúrò nínú ìwé ìpele òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé HND kò tó BSc, tó jẹ́ kí oní-HND máa dúró sí ìpele 14 nínú iṣẹ́ ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ ní ohun tí à ń jà lé lórí. Iṣẹ́ ni ká fi dán wọn wò.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ girama

Ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, City and Guilds ti London ló ń ṣe ìdánwò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ títí wọ́n fi dá NABTEB sílẹ̀ ní 1992. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọ inú ìdánwò wọn.

Ṣáájú ìgbà náà, ní àwọn ọdún 1980, kọ̀ǹpútà kékeré dé, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sì kún àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ WordPerfect, Lotus 1-2-3 àti dBase.

Ní 2011, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún girama àgbà mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ 34 wá, Data Processing sì wà lára wọn. WAEC bẹ̀rẹ̀ ìdánwò wọn ní 2014. Àwọn ọmọ sáré sí Data Processing nítorí pé kò gba igi, kò gba irin, kò gba ààrò, ó sì wu ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ láti kọ́ ọ láìní kọ̀ǹpútà kankan. Ní 2025, ìjọba dín ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà kù sí 6. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lára wọn, Data Processing kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń mú wá

Ẹni tó ń tẹ dátà wọlé ló rọ́pò ẹni tó ń lu káàdì, ó sì ṣì jẹ́ ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ oní-ND: ilé ìwòsàn, ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì ilẹ̀, ibi ìforúkọsílẹ̀ NIN. Nígbà tí INEC forúkọ lé ní mílíọ̀nù 73 olùdìbò sílẹ̀ ní 2011, àwọn agùnbánirọ̀ ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ya ìka àti ojú, ẹ̀rọ mìíràn sì fi ìka ṣe àwárí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ìyẹ̀wò ni ìyẹn náà.

Lókè rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ètò, àwọn tó ń tọ́jú àká dátà, àti àwọn tó ń tú dátà palẹ̀ fún ọ̀gá tó fẹ́ ṣe ìpinnu. Báńkì ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú wọn. Kí a mú nọ́ńbà àkáǹtì tí gbogbo wa ń lò, tí Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2010. Nọ́ńbà 10 ni, ṣùgbọ́n 9 péré ló jẹ́ ti oníbàárà. Ìkẹwàá, ìyẹ̀wò ni. Wọ́n á to nọ́ńbà 3 ti báńkì ṣáájú 9 náà, wọ́n á fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, wọ́n á ro wọ́n pọ̀, wọ́n á wo ohun tó kù kí ó pé ìlọ́po 10. Òun ni nọ́ńbà ìkẹwàá. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò náà kò ní bára mu, owó rẹ̀ kò sì ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ti ayé káàdì ló wà nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 tún bí iṣẹ́ mìíràn: àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tọ́jú dátà aráàlú gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ti ẹnu àìpẹ́ yìí

NBTE ti la HND Computer Science sí ọ̀nà mẹ́rin: ìkọ̀wé ètò àti wẹ́ẹ̀bù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kíláòdù, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti dátà, àti AI. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ 3MTT ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò tíì pẹ́ tó láti ṣèdájọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ yan ilé ẹ̀kọ́ báyìí, kó má béèrè bóyá AI wà níbẹ̀. Kó béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ ìtò fáìlì, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ilé iṣẹ́ gidi lọ fún IT, àti ta ló ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wò yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti rí ìdáhùn sí ìkẹta, kó kọjá lọ síbòmíràn.